Ohùn Ẹranko Inú Ihò

Ọkùnrin tó ṣe àwọn ohùn inú géèmù kọ̀ǹpútà kan ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń fọ abọ́ nígbà tí iléeṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ rán ọmọbìnrin kan sí i. Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ẹgbẹ́ akọrin, jókòó nítòsí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù.

"Bàbá, ẹ kúuṣẹ́. A fẹ́ tún géèmù yín ṣe lákọ̀tun," ni àlejò wí. "Ohùn ẹranko inú ihò ló kù. Ti àtijọ́ ń dún bí ohun tó há sínú agolo, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara mọ́ ọn. Báwo lẹ ṣe rí i gbà sílẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"A ti dán ilẹ̀kùn mọ́kànlélógójì wò, sà."

"Ẹ fi géèmù náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀, inú agolo yẹn náà ni wọ́n ti fẹ́ràn ẹ̀."

"Bàbá wọn, ẹ ran ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́," ni ìyàwó wí. Kò gbójú sókè.

Abọ́ ọwọ́ ọkọ ti mọ́. Ó tún un fọ̀.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà náà, ọ̀gá sọ fún un pé bí ohùn ẹranko ò bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, kí ọkọ alára má wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ó ti gbìyànjú ajá, ẹ̀rọ tó ń lọ ata, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní ikọ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó nídìí oúnjẹ. Ìyàwó, tí kì í sùn lọ́sàn-án, ní ó rẹ òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Láìpẹ́, ó ń hanrun. Ọkọ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó rọra wọ abẹ́ ibùsùn.

Àwọn èèyàn máa ń tètè dé ilé ìjọsìn nítorí ohùn obìnrin yìí. Ọkọ ò lè sọ fún un. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, ó ń lọ aṣọ, kò sì borí nínú àríyànjiyàn kankan mọ́. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń bú ramúramù bí ẹranko náà lábẹ́ fèrèsé, á yí rédíò sókè. Ìyàwó á yọrí síta: "Látinú ikùn, ẹ̀yin ọmọ yìí! Kì í ṣe látọ̀fun!" Ọkọ á wá abọ́ mìíràn fọ̀.

"Bàbá," ni àlejò wí, "bí a ò bá rí ohùn yẹn, wọ́n máa fagi lé iṣẹ́ náà. Èmi ni mo sì dá a lábàá."

Ọkọ nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tó ti ta sílẹ̀.

"Màmá wọn, ẹ forí jì mí. Ìhanrun yín ni. Ẹ ń sùn, mo wọ abẹ́ ibùsùn, mo jí i gbà sílẹ̀."

Ìyàwó fi eyín gé òwú.

"Abọ́ mélòó ló kù nínú bàsíà?"

"Méjì."

"Ẹ parí ẹ̀."

Nígbà tó fọ èkejì tán, ìyàwó dìde, ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ kedere, ó bú ramúramù ẹranko náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì í, ó sì bi àlejò bóyá òun lè ṣe é lórí ìdúró, àbí kí òun tún lọ dùbúlẹ̀, kí òun díbọ́n oorun bíi tọjọ́sí.