Ọlátúbọ̀sún Tó Kọ̀ Láti Bọ́ Bàtà

Ọpọlọ Ọlátúbọ̀sún kò ní àbùkù. Etí rẹ̀ ló ní. Awọnlẹ̀ ni, ọmọ Ìsọlọ̀, ó sì gbà pé òfin tí kì í bá ṣe òun ló ṣe é kò kan òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa sú ènìyàn, pàápàá nítorí pé ó sábà máa ń tọ̀nà.

Ọ̀nà kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì pa tì láìparí. Ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo ni ihò kan lẹ́bàá títì, tó ní àkàbà irin àti ìdérí wúwo. Ọlátúbọ̀sún àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Motọ́lání àti Zakariyah, ń wọ ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán láti wọn ọ̀nà náà, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Àjàó Estate ti ṣèlérí pé bí àwòrán náà bá pé, àwọn yóò gba Ọlátúbọ̀sún síṣẹ́.

Ìyá Mardiyah, tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ihò náà, ló ṣòfin fún wọn: kí olúkúlùkù bọ́ bàtà tó wọ̀ wá sẹ́nu ihò, kí ó wọ bàtà rọ́bà wọlé. Bí òjò bá ṣú, yóò fi irin lu àkàbà kí wọ́n jáde. Bí kò bá sí bàtà nílẹ̀ mọ́, yóò ní kí wọ́n gbé ìdérí padà, nítorí pé bí omi bá bo títì, ẹni tó ń kọjá kò ní rí ihò. Ọlátúbọ̀sún nìkan ló ń kó bàtà tirẹ̀ sínú àpò.

“Ọmọ mi, bàtà rẹ dà?” Ìyá Mardiyah bi í.

“Ìyá Mardiyah, ṣé mọ́ṣáláṣí la fẹ́ wọ̀ ni? Mo ti ṣírò iye ìṣẹ́jú tí omi gọ́tà máa fi kún ibẹ̀.”

“Èmi ò rí ìṣírò rẹ nílẹ̀ kí n kà á. Bàtà ni mo lè kà.”

Motọ́lání bẹ̀ ẹ́. Zakariyah fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá bàtà náà ló ń wá iṣẹ́. Wọ́n wí, wọ́n wí, ó sú wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ló tó o.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, òjò ṣú, Ìyá Mardiyah lu àkàbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde. Àwọn méjì mú bàtà wọn, wọ́n sáré lọ sábẹ́ òrùlé kan. Ọlátúbọ̀sún rántí pé igun kan ṣẹ́kù tí òun kò tíì wọ̀n. Ogún ìṣẹ́jú ni ìṣírò rẹ̀ wí. Bí Ìyá Mardiyah ṣe ń gbé ààrò rẹ̀ kúrò nínú òjò, Ọlátúbọ̀sún padà wọlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà padà dé, kò rí bàtà kankan. Ó bi Motọ́lání, ìyẹn sì dáhùn pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Wọ́n gbé ìdérí padà. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé ìṣírò rẹ̀ tọ̀nà. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún ó ti dé ìdí àkàbà, ó sì bá ìdérí ní pípa dé. Ó pariwo, òjò àti ọkọ̀ bo ohùn rẹ̀. Omi dé àyà rẹ̀. Nígbà tí Zakariyah pè é lórí fóònù títí tí kò wọlé, ó sáré padà, wọ́n sì ṣí ihò. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n igi ńlá kan tí àwọn tó gbẹ́ ọ̀nà náà fi sílẹ̀, tí omi gbé wá, ti rún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àkàbà. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ìka mẹ́rin. Àwòrán inú àpò rẹ̀ ti di ẹ̀kọ.

Ọ́fíìsì náà gba ẹlòmíràn. Lónìí, Motọ́lání ló ń fa ìlà fún Ọlátúbọ̀sún. Òun a máa pe iye, ìyẹn a máa yà á. Bí ó bá sì ní ibì kan kò tọ̀nà, Motọ́lání a fọwọ́ mú pẹ́ńsù dání, a ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi ná.” Ó ń gbọ́. Kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba pẹ́ńsù náà fa ìlà mọ́.

Kí ẹni tó gbọ́n jù wá náà fetí sí èyí: òfin tí ẹlòmíràn ṣe kì í ṣe àbùkù fún ọgbọ́n ẹni. Ìṣírò tó tọ̀nà kò lè gba ẹni tó wà nísàlẹ̀ là, bí ẹni tó wà lókè kò bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.