Kíbọ́ọ̀dù Tó Wúwo

"Ẹ tẹ èyí wò," ni Gbádéyan wí, ọkùnrin tó ń ta ohun èlò orin ní Kabba.

Atẹdùùrù ìjọ kan, tó wá ra kíbọ́ọ̀dù, fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù náà wúwo lábẹ́ ìka bíi dùùrù onígi àtijọ́. Èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fúyẹ́. Inú kọ̀ǹpútà kan náà tí wọ́n so wọ́n mọ́ ni ohùn àwọn méjèèjì ti ń jáde.

"Èyí tó wúwo ló yẹ ọ̀gá bíi yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí Màmá gbọ́."

Ìyá Akọrin, tí ìjọ rán tẹ̀lé atẹdùùrù wá láti Iyara, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àìsàn kan tó ṣe atẹdùùrù lẹ́ẹ̀rùn ló sọ ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ di aláìlágbára, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Bí wọ́n bá mọ̀, ta ni yóò tún jẹ́ kó jókòó sídìí dùùrù?

Ó gbé ọwọ́ òsì lé èyí tó wúwo, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Kò dún.

"Ó jọ pé ó ti bàjẹ́," ló wí.

Ìyá Akọrin sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ òsì náà mú, ó rọra gbé e lé kíbọ́ọ̀dù tó fúyẹ́. Ó dún.

"Èyí la ó rà," ló sọ fún Gbádéyan. Ó wá fi ẹnu sí etí atẹdùùrù, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn.

"Okun, ọmọ mi. Láti Ọjọ́ Àjíǹde ni àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ akọrin ti ń fi ohùn ìsàlẹ̀ wọn dí àlàfo tí ọwọ́ òsì rẹ ń fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, kí ẹ̀rù má bàa bà ọ́."