Ìbòji Tó Ń Tẹ̀lé Ẹsẹ̀

Ìwà òmùgọ̀ Ìyá Àgbà Aríyìíkẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, òun náà kò sì jiyàn. Látọjọ́ tí Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti sọ pé ata ọbẹ̀ rẹ̀ kò ta, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kó má baà kọjá níwájú ilé Mojísọ́lá.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ ìgboro ń ka iye ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀ ni aṣọ ìbòji tí ìlú ta sókè máa ń wọ́ lọ. Àwọn aráàdúgbò rí ìdí ńlá Aríyìíkẹ́ níwájú, wọ́n rò pé ọ̀nà àbùjá ni, wọ́n tẹ̀lé e. Láàárọ̀ yìí, ìbòji ti ń ká kúrò níwájú ilé Mojísọ́lá, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, tó jẹ́ pé kíkí èrò láti orí àga ló kù tó fi ń rí ayé.

Aríyìíkẹ́ rí i, ó wọ bàtà, ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú ilé náà, ó ń tẹ ilẹ̀ gbì-gbì bí ẹni ń gúnyán, títí aṣọ náà fi dúró, tó sì rọra ń padà.

"Ìdí rẹ nìkan tó èrò mẹ́wàá," ni Mojísọ́lá wí.

"Ìdí mi ló wá kí ẹ. Èmi ṣì ń bínú."

Mojísọ́lá fi ọwọ́ ti àga kejì síwájú fún un. "Jókòó, kí o sọ òótọ́: ata ọjọ́ náà, ṣé ó ta àbí kò ta?"