Táńkì Aláwọ̀ Aró

Lọ́dún 1962, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀dà kùn sára alùpùpù ní Bẹẹrẹ bíi Gàfárù, àmọ́ ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tirẹ̀ tán.

"Bàbá Sìdí," ni Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí, "mi ò ní gun pàǹtí yẹn lọ sílé bàbá mi ní Àrẹ̀mọ lọ́jọ́ Iléyá. Bí ẹ ò bá kùn ún, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá lọ."

Gàfárù ṣèlérí. Ó kọ́kọ́ gbé e lọ fún Ṣàngówálé, mẹkáníìkì Oríta-mẹ́rin, kó bá a tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ná.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlátúndé gbé táńkì alùpùpù kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Gàfárù. Wọ́n ti ha ọ̀dà àtijọ́ ara rẹ̀ kúrò, ó ku irin lásán. Ó yọ ègé àdìrẹ kan lápò.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ aṣọ yìí gan-an ni ẹni tó ni ín ń fẹ́."

"Ta ló ni ín?"

"Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ. Ẹ̀rù yín ń bà á."

Gàfárù rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ aró kì í ṣe ohun tí à ń sáré pò. Ó fi dúdú díẹ̀ kún búlúù, ó kùn ún sára páálí, ó sì dúró kó gbẹ, torí ọ̀dà tútù máa ń purọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pò ó kó tó bá aṣọ náà mu.

Lẹ́yìn èyí, mọ́gáàdì méjì dé, irin lásán làwọn náà.

"Ṣé kí n jẹ́ kó dán, àbí kó má dán?"

Ọlátúndé họ orí. "Tó bá jẹ́ tiyín ńkọ́?"

"Tèmi kẹ̀? Á dán bíi dígí, màá sì fa ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i létí."

"Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀."

Iṣẹ́ náà wọ Gàfárù lára débi pé nígbà tó fi rántí ìlérí rẹ̀, Iléyá ku ọ̀la. Ó sáré dé Oríta-mẹ́rin.

"Ó kù díẹ̀," ni Ṣàngówálé wí, kò sì jẹ́ kó wọlé. "Ẹ máa lọ sílé."

Nílé, Gàfárù dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Sìdí, dárí jì mí. Alùpùpù ẹlòmíì ni mo jókòó tì."

"Ṣé ó dáa?" ni Àtọ́kẹ́ béèrè.

"Mi ò kun irú ẹ̀ rí."

"Ẹ ṣeun."

Nígbà tí wọ́n kírun Iléyá tán, Gàfárù wọ bàtà tó máa fi rìn dé Àrẹ̀mọ, ó jáde síta, ó sì bá alùpùpù tirẹ̀ tó gbé fún Ṣàngówálé lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú táńkì aláwọ̀ aró àti ìlà wúrà létí mọ́gáàdì, tí Àtọ́kẹ́ ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ìró àdìrẹ tuntun tí wọ́n ti gé igun kan kúrò lára rẹ̀.