Mọ́tò Rakan Kò Gun Òkè Karak

Rakan kì í gbà pé ohun kan kò tó lọ́wọ́ òun. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, láti kékeré ló sì ti bá a dàgbà. Bí ó bá ṣìnà, yóò ní ọ̀nà ló yí padà. Bí ó bá pẹ́ dé, yóò ní aago àwọn yòókù ló ń sáré. Nígbà tí ó wá ra mọ́tò oníná tí kì í mu epo, àlòkù tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún púpọ̀, àdúgbò wọn ní Amman, olú ìlú Jordan, kò sinmi mọ́. "Ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ló ń rìn kó tó béèrè iná," ló máa ń wí. Ohun tí wọ́n sọ nípa mọ́tò náà nígbà tó wà ní tuntun nìyẹn. Rakan fúnra rẹ̀ kò tíì gbé e jáde nílùú rí.

Àbúrò rẹ̀, Muhannad, ń fẹ́ Rudayna, ọmọ Karak, ìlú kan tó wà lórí òkè. Bàbá ọmọbìnrin náà ti dá wọn padà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó rán sí wọn lẹ́yìn náà ni pé, "Bí Abu Sayil bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ilé mi, n ó gbọ́." Abu Sayil jẹ́ arúgbó tí gbogbo ilé ń dìde fún. Yóò jókòó, wọn yóò gbé kọfí síwájú rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án títí bàbá ìyàwó yóò fi ní, "Ẹ mu kọfí yín, a ti fún yín." Wọ́n dá ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Mithqal, àbúrò bàbá wọn, ti háyà bọ́ọ̀sì fún gbogbo ẹbí. "Rakan, jẹ́ kí Abu Sayil bá wa lọ," ló wí. "Epo kún inú bọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ sì tutù."

"Ẹ̀yin pẹ̀lú epo yín," Rakan rẹ́rìn-ín. "Ṣé nínú bọ́ọ̀sì ni irú bàbá yìí yóò ti lọ bá wa tọrọ ìyàwó? Ẹ máa gba aṣálẹ̀ lọ. Ọ̀nà Òkun Òkú lèmi yóò gbà, n ó sì ti débẹ̀ dè yín."

"Ṣé iná rẹ̀ kún?"

"Ó tó, Bàbá Mithqal. Ẹ̀ ń da ara yín láàmú lásán."

Kò kún. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló fi gbé àwọn ọ̀rẹ́ kiri ìlú.

Òun àti Abu Sayil nìkan ló wọ mọ́tò náà. Láti Amman sí etí òkun, ọ̀nà náà ń ṣubú lọ sísàlẹ̀ ni. Mọ́tò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná kankan. Kódà, nọ́ńbà ìrìn tó kù ń gòkè níwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó, Bàbá," ni Rakan wí, "ó ń bọ́ ara rẹ̀."

"Ìsọ̀kalẹ̀ kì í rẹ ewúrẹ́, ọmọ mi," ni Abu Sayil dáhùn. "Ìgbà tí a bá ń gòkè ni kí o tún bi í." Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mọ́tò oníná ti ń gba iná létí òkun, ó ní, "Ṣé kò yẹ kí a yà níbí?"

"Àwọn tí kò mọ mọ́tò wọn ló ń yà níbẹ̀."

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Bí wọ́n ti kọjú sí òkè Karak báyìí, nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ẹ̀rù ba Rakan, ó sì pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. "Ẹ mú un mọ́ra díẹ̀, Bàbá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Bàbá náà tú kọ́là ọrùn rẹ̀. Mọ́tò gbìyànjú kọ́nà mélòó kan sí i, ó sì dúró sójú oòrùn, níbi tí kò sí igi kan.

Fóònù dún. Muhannad ni. "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé? A ti jókòó sílé wọn. Wọ́n ti ń yan kọfí."

"A ti ń wọ ìlú."

"Ṣé kí ẹnìkan wá pàdé yín?"

"Kí ó wá pàdé ta ni? Ìwọ jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ ìyàwó."

Ọkọ̀ kan tó kó tòmátì láti àfonífojì dúró tì wọ́n. Awakọ̀ náà wo bàbá, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn dé òkè. Ara wọn kò yá."

"Abu Sayil láàárín tòmátì? Káwọn àna wa rí i kí wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín?"

"Ọmọ mi," ni ohùn bàbá wá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "tòmátì kò burú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Bó bá sinmi díẹ̀, yóò rìn." Awakọ̀ náà mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mọ́tò kò rìn. Fóònù dún, ó tún dún, ojú sì ti Rakan láti gbé e. Omi tó wà lọ́wọ́ wọn tán. Nígbà tí tẹ̀súbáà jábọ́ lọ́wọ́ Abu Sayil tí kò sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un, Rakan pè é. Ó gbọ̀n ọ́n. Ìgbà náà ló tó pe àbúrò rẹ̀, tó sì sọ òtítọ́ tó yẹ kó ti sọ tipẹ́. Wọ́n sáré dé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀: òkú ni wọ́n gbé.

Bàbá Rudayna kò bínú sókè. Ó kàn ní, "Ẹ lọ sin ẹni tí ẹ pa." Kí ọdún tó yí, wọ́n ti fi ọmọ náà fún ẹlòmíràn. Mithqal kó àwọn àgbà ẹbí jọ, wọ́n lọ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Abu Sayil. Wọ́n gbé kọfí síwájú Mithqal, kò fọwọ́ kàn án, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan péré. Sayil, àkọ́bí olóògbé, wo ife náà títí ó fi tutù. Wọ́n dìde, wọ́n sì fi kọfí sílẹ̀ níbẹ̀. Muhannad kò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ títí dòní. Mọ́tò náà wà lójúde Rakan, eruku bò ó, iná kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé. Ẹ má fi ìsọ̀kalẹ̀ wọn agbára ohunkóhun. Òkè ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò bá tó, ẹ tètè sọ ọ́, nígbà tí ẹni tó lè ranni lọ́wọ́ ṣì dúró tì yín. Bátìrì tó kú lójú ọ̀nà kò pa ẹnikẹ́ni. "A ti ń wọ ìlú" ló pa Abu Sayil.