Ibi Tí Wọ́n Máa Gbẹ́ Ihò Àkọ́kọ́

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Ìyá Olókùúta, onímọ̀ òkúta, fi dojú kámẹ́rà rẹ̀ kọ pílánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kò rí nǹkan kan àfi kùrukùru. Kámẹ́rà ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìyàwó: ooru ló ń yà. Òkúta kọ̀ọ̀kan ní irú ooru tó ń tú jáde, tí ojú èèyàn kò lè rí. Kámẹ́rà á sọ ọ́ di àwọ̀, iyọ̀ á funfun, irin á pọ́n. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn, tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í sábà rí láìdé fìlà, ti ní bí kò bá sí àwòrán títí di ọjọ́ Ẹtì, kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tú kámẹ́rà náà, ó tún un ṣe, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìpàdé kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gbẹ. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ sì dà sísàlẹ̀. Fáànù yàrá náà ti bàjẹ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, ọ̀gá nìkan ló kù síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ ronú. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ bí ìrònú náà ṣe ń hanrun.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti dá kámẹ́rà padà sáyè rẹ̀, Ìyá Olókùúta ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi igbe ta. Àwòrán kan wà níbẹ̀, ó rí róbótó, ó mọ́ kedere.

"Ẹ kú oríire, mà," oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní. "Àbí iyọ̀ kọ́ ni funfun yìí?"

"Iyọ̀ ni! Omi ti ṣàn níbẹ̀ rí, ó wá gbẹ." Ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé àwòrán náà síwájú gbogbo wọn nínú yàrá ìpàdé.

"Ẹ jẹ́ ká rán ọkọ̀ lọ síbẹ̀, sà. Kó balẹ̀ lẹ́bàá kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ sí òsì yìí, kó gbẹ́ ihò mẹ́ta."

"Ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀?"

"Ó jọ pé òfìfo ni, sà. Àmọ́ ìta ẹ̀ dáa gan-an."

"Kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn dáadáa," ọ̀gá ní. "Ẹ má ṣàánú ẹ̀ rárá. Ẹ gbé ìwé wá kí n buwọ́ lù ú."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi nu òógùn ojú, ó sì tẹrí ba sórí ìwé náà, ni gbogbo yàrá bá rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó la àárín iyọ̀ òógùn kọjá lórí apárí rẹ̀ tó ń dán, tó tẹ̀ sí òsì, tó sì parí lókè etí, níbi gan-an tí Ìyá Olókùúta fi bírò pupa sàmì sí lórí àwòrán fún ihò àkọ́kọ́.