Abọ́ Ìrẹsì fún Ọlọ́kọ̀

Alásè náà gbé ẹyin sísè lé ìrẹsì, ó sì gún igi ìjẹun méjì lóòró sí i láàárín. Ní Vietnam, òkú ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ fún.

"Àǹtí, Bàbá tuntun yẹn lẹ ń ṣe àkànṣe fún?" Morónkẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Dagenham East, ní London, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ti rí ọkọ nìyẹn o!"

"Ogójì ọdún ó lé ni mo fi wá a."

Lẹ́yìn ogun Vietnam, ilẹ̀ wọn, ọkọ̀ ìpẹja Bàbá yìí ni alásè àti àwọn ẹlòmíràn fi sá gba orí òkun. Ó kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi sí yàrá rẹ̀, ó tìlẹ̀kùn, títí òùngbẹ fi pa èèyàn mẹ́tàlá. Minh, àbúrò alásè, wà nínú wọn.

Alásè gbé abọ́ náà ka iwájú Bàbá gbà-á. Ó fẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé oúnjẹ òkú ara rẹ̀ ló dé yẹn.

Bàbá wo igi méjì tó dúró lóòró náà.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó wí ní èdè wọn. "Ó ku abọ́ méjìlá."

Ó rọra ti abọ́ náà síwájú àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Minh, jẹun."